Fátíà Mẹ́ta fún Ẹṣin Pupa

Fátíà tí bàbá mi máa ń kà fún ẹṣin kò gùn. Kì í sáré kà á bí ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ ni kì í fà á bí ẹni tí ó fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ó ní, èyí tí àfáà rẹ̀ fi pàṣán kọ́ ọ ní ilé-kéwú ní Ìlọrin, kò sì kúrò lórí ìwọ̀n náà títí ó fi kú. Bí ẹṣin bá ti sáré àsápajúdé dé, tí ẹlẹ́ṣin sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì tú ọ̀já gàárì, bàbá mi yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìhà ẹran náà, yóò ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹta. Àdúrà ni. Ẹran tí ó bá ṣiṣẹ́ fún ènìyàn, ó yẹ kí a ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ṣàkíyèsí pé àdúrà náà ń sọ nǹkan fún òun. Ẹṣin tí ìhà rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, tí ihò imú rẹ̀ ti padà sí bí ó ti wà kí Fátíà kẹta tó dé Àmín, ẹṣin ọ̀nà jíjìn ni. Èyí tí ìhà rẹ̀ bá ṣì ń wú tí ó ń rọ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn Àmín, ì báà yára bí àṣá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú un kọjá eré kúkúrú.

Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n fi ba orúkọ ọkọ mi jẹ́ ní ilẹ̀ yìí, òun náà ni mo sì fi gba orúkọ náà padà. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé arúgbó obìnrin tí ó ti ṣe Háàjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà yẹ kí ó ti dárí ji gbogbo ayé, kí ó lọ ka ìwé mìíràn.

Ilé-ìwé àwọn olùkọ́ obìnrin ni mo lọ. Ọ̀gá wa níbẹ̀ kì í jẹ́ kí a la ẹnu bí gbólóhùn kò bá tíì pé nínú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì fẹ̀yìn ti àga, orí ìdúró ni yóò wà títí agogo yóò fi lù. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, n kò tíì fẹ̀yìn ti àga rí. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá ti parí, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo máa ń lọ, ní ẹnu ìsọ̀ àwọn ẹṣin agbo ilé ńlá kan tí ó ń tọ́jú. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹsẹ̀ ẹṣin lórí ilẹ̀: bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjá ojú ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti tẹ̀, ó kéré tán ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹṣin tí ó ń bá ìjánu jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ń ná agbára ọ̀la lónìí. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bàbá mi. Bàbá mi fi mí fún un nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ fún ìyá mi, kò tíì rí i kí ó na ẹṣin tí ó ṣàṣìṣe.

Nígbà tí a dé Saudi, ọkọ mi rí iṣẹ́ ní ilé ẹṣin kan lẹ́yìn Bahra, níbi tí a ti ń yà kúrò lójú títì tí ó ti Jẹ́dà wá sí Mẹ́kà, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ àjòjì ní ilé-ìwé kan ní Jẹ́dà. Al-Hujun ní Mẹ́kà ni a ń gbé nígbà náà, kí a tó kó wá sí Ar-Rusaifah tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ọkọ mi di olórí gbogbo àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀. Ọ̀gá tí ó ni ilé ẹṣin náà, ọmọ Mẹ́kà gan-an, kì í mú ẹṣin jáde fún eré kankan láìjẹ́ pé ó bi ọkọ mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Báwo ni ọ̀nà rẹ̀ ṣe jìn tó?” Ọkọ mi yóò gbé ọwọ́ lé ìhà ẹṣin, yóò ka Fátíà mẹ́ta, yóò sì dá a lóhùn. N kò rántí ìgbà tí ó ṣì í.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìlú wa kan dé láti kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é níhìn-ín. Ohùn rẹ̀ dára. N kò ní jẹ́ kí ìbínú gba òtítọ́ lẹ́nu mi: ohùn rẹ̀ dára púpọ̀. Nínú oṣù Rààmádáànì, òun ni ó máa ń ṣíwájú wa nínú ìrun àṣámù ní pálọ̀ wa. Yóò fa ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn bí ti àwọn lémọ́mù ńlá tí à ń gbọ́ lórí rédíò, yóò dúró, yóò mí, yóò tún bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi yóò sì máa sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo ń se oúnjẹ ìṣínu rẹ̀. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ padà sílé, ọkọ mi ni ó bẹ ọ̀gá kí ó gbà á síṣẹ́ kí ó sì ṣe ìwé ìgbélùú fún un. Bàbá ni ó ń pe ọkọ mi. Ọkọ mi kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí òun kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, kò fi ìkankan pamọ́, títí kan Fátíà mẹ́ta náà.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin pupa ni ó da gbogbo rẹ̀ rú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹṣin náà nígbà náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan funfun, ó sì lẹ́wà débi pé àwọn awakọ̀ máa ń dúró ní etí ọgbà láti yà á ní fọ́tò. Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí ó sá eré gígùn kan tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí ó ní ẹṣin máa ń ṣe láàárín ara wọn lórí iyanrìn lẹ́yìn Bahra nígbà òtútù, nítorí pé ó pẹ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ti ń fi eré náà yangàn sí i. Ọkọ mi sọ fún un pé ẹṣin pupa kò ní lè ṣe é láéláé; eré kúkúrú ni tirẹ̀. Ó ní abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan wà ní ìsọ̀ ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í wò, òun ni kí wọ́n máa tọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé kò dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹta, ó lọ bá ọ̀gá ní ìkọ̀kọ̀, ó fi èdè Lárúbáwá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé fún un pé Bàbá ti darúgbó, pé ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, àti pé ohun mìíràn tún wà tí ẹ̀rí-ọkàn òun kò jẹ́ kí òun lè gbé mì: Bàbá ń ka Àlùkùráánì sí ẹṣin lára, ó ń fi sọ àsọtẹ́lẹ̀. Adádáálẹ̀ ni, ohun tí Ànábì kò ṣe, bóyá ó tilẹ̀ jẹ́ idán.

Ẹni tí ó bá ń gbé ilẹ̀ yìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà. Ọ̀gá pe ọkọ mi síwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Wọ́n ní o máa ń ka Fátíà sí ẹṣin lára kí o tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni?”

“Àdúrà ni, ọ̀gá.”

“Ta ni ó kọ́ ọ ní irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ṣé Ànábì ṣe é, àbí onídán ni ọ́?”

Ọkọ mi wo Akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọkọ mi gbé búrọ́ọ̀ṣì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nà án, kò sí ẹni tí ó fi ọlọ́pàá mú un. Ọ̀gá kàn ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀, kí ó má padà wá. Ó wọ ọkọ̀ èrò láti Bahra, ó dé ilé kí n tó dé láti ibi iṣẹ́. Mo bá a lórí àga, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ó la àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó ń wò ó.

Kò rí ọdún Iléyá kejì. Àwọn dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún mi. Mo mọ orúkọ mìíràn fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ wá kí mi. Ó jókòó sí orí àga tí ó máa ń jókòó sí nígbà tí ó ń jẹun wa.

“Àlàájà, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run yóò fi orí jin Bàbá.”

“Yóò fi orí kí ni jìn ín?”

“Gbogbo wa la máa ń ṣàṣìṣe, Ìyá. Àìmọ̀ ló ń ṣe àwọn àgbà. Ọlọ́run mọ̀ pé wọn ò mọ̀.”

Mo dìde, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń wá. N kò wá kí ó kú, n kò wá kí wọ́n lé e padà sílé. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ mi lórí ẹṣin pupa náà ṣẹ níṣojú ọ̀gá àti gbogbo àwọn tí ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè é ní onídán. Mo sì fẹ́ kí Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí òun ti ṣìnà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mímọ̀ kò bá ní wúlò fún un mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi kò bá mi dákẹ́.

Ọdún kejì ń lọ. Wọ́n ṣì ń dúró kí ẹṣin pupa dàgbà tó fún eré gígùn; ó ń gba ipò kìíní nínú eré kúkúrú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí èyí, ọ̀gá fi Akẹ́kọ̀ọ́ sí ipò ọkọ mi. Ìmọ̀ràn kìíní tí Akẹ́kọ̀ọ́ mú wá ni pé kí ọ̀gá yọ̀ǹda abo ẹṣin aláwọ̀ eérú fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, nítorí pé ó kàn ń jẹ koríko lásán. Ọ̀gá sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó sá eré gígùn náà, ọ̀gá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kó àwọn ẹrù ọkọ mi tí ó ṣì wà nínú yàrá gàárì. Ọmọ mi obìnrin ni ó wakọ̀ gbé mi lọ. Ilẹ̀ yìí ni mo bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá bí èmi, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni ó fi máa ń dáhùn. Ó dúró sínú ọkọ̀, ó tan atẹ́gùn tútù. Èmi jókòó sábẹ́ ìbòòji páànù ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré, lórí àga ike, láìfẹ̀yìntì.

Akẹ́kọ̀ọ́ rí mi, ó sì rìn wá. Ó ti di ẹni tí ń wé ìwérí aláwọ̀ pupa àti funfun bí àwọn onílẹ̀.

“Àlàájà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin náà wá wo ẹṣin tí Bàbá ní kò lè sáré?”

“Ẹrù ọkọ mi ni mo wá kó.”

“Ẹ jókòó kí ẹ wò ó ná. Bí ẹ bá rí wọn lójú àlá, ẹ ó rí nǹkan ròyìn fún wọn.”

Ọ̀gá náà dé. Wọ́n mú ẹṣin pupa jáde, ẹlẹ́ṣin gùn ún, ó fi í sáré yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń bá ìjánu jà. Nígbà tí wọ́n ń mú un rìn bọ̀, ó gba iwájú mi kọjá, mo sì wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò dé ojú ẹsẹ̀ iwájú, ó fi ìka mẹ́rin dín. Wọ́n tú ọ̀já gàárì. Nígbà náà ni mo rí i tí Akẹ́kọ̀ọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹṣin níbi tí ọ̀gá kò ti lè rí ẹnu rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìhà ẹran náà, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí mì.

Ó ń ka Fátíà. Ohun tí ó fi lé ọkọ mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Inú bí mi. Mo fẹ́ dìde kí n pariwo kí ọ̀gá wá wò ó. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí mo lọ kì í ṣe ilé-ìwé ariwo. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ Fátíà ti bàbá mi nínú ọkàn mi, mo sì tẹ́tí sí tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tí ó bọ́ sí ni ẹ̀gbẹ́ tí mo wà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń fà á. Ó ń kà á bí ó ti ń kà á nínú ìrun àṣámù, pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀, ó ń na ọ̀rọ̀, ó ń dúró, ó ń mí, ó ń tún un ṣe. Kí ó tó parí ẹ̀kíní rẹ̀, mo ti parí ẹ̀kẹta tèmi. Nígbà tí mo dé Àmín, ìhà ẹṣin pupa ń wú, ó ń rọ. Mo ń rí ẹran pupa nínú ihò imú rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kejì, kò kánjú. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Nígbà tí òun náà dé Àmín, ẹṣin náà ti simi tán, ó ti ń fi ètè wá nǹkan jíjẹ lára apá aṣọ rẹ̀.

Kò sí ẹṣin tí kò ní yege ìdánwò bẹ́ẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá yóò yege. Ọkọ mi kọ́ ọ ní Fátíà mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò wá sí ọkàn ọkọ mi láé láti sọ fún un irú Fátíà wo, nítorí pé ní ilé-kéwú tí ọkọ mi àti bàbá mi lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà tí à ń gbà kà á.

“Ó ti ṣetán, ọ̀gá,” ni Akẹ́kọ̀ọ́ wí. “Ẹṣin ọ̀nà jíjìn ni.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. Ìtìjú díẹ̀ wà lójú rẹ̀. “Hájjà, ọkọ yín sọ pé ẹṣin yìí kò lè ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ ẹṣin. Kí ni ẹ rí?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, gbólóhùn rẹ̀ ti pé. Mo gbé e mì.

“Ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ti dáhùn, ọ̀gá. Bí ẹni tí ó jáde ní yunifásítì bá ti sọ̀rọ̀, kí ni ó kù fún ìyàwó onídán láti sọ?”

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo kó ẹrù ọkọ mi: ìkòkò tíì kan, aṣọ ìnura kan, àti búrọ́ọ̀ṣì tí ó fi ń nu ara ẹṣin, tí irun pupa ṣì há sí.

Nínú ọkọ̀, mo ròyìn ohun tí mo rí fún ọmọ mi. A ti ń kọjá Bahra nígbà tí mo parí.

“Mama, ẹ lè sọ fún wọn.”

“Mo lè sọ ọ́.”

“Ẹṣin yẹn ò ṣẹ̀ yín. Háráàmù ni.”

“Mọ́tò ni kí o máa wò.”

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń lọ sí Mọ́sáláṣí Mímọ́ ní gbogbo Jímọ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi òtítọ́ hàn. N kò sọ fún Ọlọ́run pé ó wà lọ́wọ́ mi láti fi í hàn.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n sá eré náà. Ẹṣin mẹ́fà ni. Àwọn obìnrin wà nínú ọkọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọkùnrin dúró sí òdìkejì. Àwọn ọ̀rẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta láti yunifásítì, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, wá wo ògo rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró sí etí okùn tí wọ́n ta yí ibi eré ká.

Ẹṣin pupa ta yọ bí òkò. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀, gọ̀gọ̀ rẹ̀ ń fò, ẹlẹ́ṣin ń fa ìjánu, ẹṣin ń fà á padà. Àwọn ọ̀rẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ń pàtẹ́wọ́. Fún ìṣẹ́jú kan gbáko, iyèméjì wọ̀ mí: bí ọkọ mi bá ti ṣì í ńkọ́? Bí bàbá mi bá ti ṣì í ńkọ́, tí gbogbo ohun tí mo dì mú láti kékeré kò bá ju àlá arúgbó méjì lọ? Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ìyípo ìkẹyìn. Ẹṣin pupa kò ṣubú, kò tirọ. Ó kàn dà bí ẹni tí ó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sẹ́yìn. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè sódò. Ọ̀kan kọjá rẹ̀, ìkejì kọjá, lẹ́yìn náà ni abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kọjá rẹ̀, ó ń sá eré rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́. N kò ní purọ́: kì í ṣe òun ni ó gba ipò kìíní. Ipò kejì ni ó gbà, ẹṣin kan tí n kò mọ̀ rí ni ó ṣáájú. Ẹṣin pupa ni ó gbẹ́yìn gbogbo wọn.

Mo gba abẹ́ okùn kọjá, mo rìn lọ bá wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà yà fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ di ìjánu mú, òógùn bo ojú rẹ̀ ju ti ẹṣin lọ.

“Ẹ yọ̀, Àlàájà.”

“Mo ń yọ̀.”

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ìhà ẹṣin náà. Mo ka Fátíà ti bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, kíkankíkan, kí gbogbo ẹni tí ó ní etí lè gbọ́. Lẹ́yìn Àmín kẹta, ìhà náà ṣì ń gbé ọwọ́ mi sókè, ó ń gbé e sílẹ̀.

“Bí a ṣe ń kà á nìyí,” ni mo wí. “Ohùn tìrẹ dùn. Ó dùn débi pé inú rẹ̀ ni ẹṣin ti ń simi.”

Ó ń wò mí. Mo rí i nígbà tí ó yé e. Ó yé e láti iwájú orí wá sí ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, “Ìwọ náà máa ń kà á sí i lára ni? Ìwọ tí o ní adádáálẹ̀ ni?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ọ̀já gàárì.

Ọ̀gá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń béèrè ohun tí à ń sọ. Mo fi Lárúbáwá sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀: ohun tí bàbá mi ń ṣe, ohun tí ọkọ mi ń ṣe, ohun tí ẹni tí ó fi ọkọ mi sùn ti ń ṣe lẹ́yìn ẹṣin láti ọdún kejì yìí, àti ìdí tí kò fi ṣe é dáadáa. Ọ̀gá kò bi mí ìdí tí n kò fi sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó mọ ìdí rẹ̀.

Ẹṣin náà wúkọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kò sì jẹun dáadáa. Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ni mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọ̀gá àti àkọ́bí rẹ̀ wá sí Ar-Rusaifah. Wọ́n gbé dàbínù wá. Ó ní kí n dárí ji òun.

“Níbo ni ẹ ti lé e?” ni mo bi í.

“Ní ilé ẹṣin.”

“Níṣojú ta ni?”

“Níṣojú àwọn òṣìṣẹ́.”

“Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ará Sudan tí ó bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ pè mí lórí fóònù kí n lè gbọ́. Mo dìde dúró ní pálọ̀ mi títí ọ̀gá fi sọ pé ọkọ mi kì í ṣe onídán, pé òtítọ́ ni ó sọ, àti pé òun ọ̀gá ni ó ṣìṣe. Lẹ́yìn náà, mo jókòó.

Kò lé Akẹ́kọ̀ọ́. Ó kàn pàṣẹ pé ẹṣin kankan kò gbọdọ̀ sá eré gígùn mọ́ àfi èyí tí a bá fi ìwọ̀n ọkọ mi dán wò. Ẹnu mi nìkan ni ìwọ̀n náà kù sí; nítorí náà ni Akẹ́kọ̀ọ́ fi wá sí ọ̀dọ̀ mi. Àjà kẹrin ni mo ń gbé, ẹ̀rọ agbéniròkè sì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ nígbà tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Àsàlámù àlékùn, Ìyá.”

Mo dá a lóhùn láti inú ilé, nítorí pé ọ̀ranyàn ni. N kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé pákó ilẹ̀kùn, mo sì ka Fátíà mẹ́ta, bí bàbá mi ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé Àmín, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì tíì pé ọmọ ogójì ọdún.

Mo ṣílẹ̀kùn.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. “Ẹ kàn kà á kí n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. N ó fi fóònù gbà á sílẹ̀.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni.”

“Ìyá, iṣẹ́ mi ni.”

“Iṣẹ́ ọkọ mi ni.”

Mo bu omi tútù wá fún un, nítorí pé a kì í jẹ́ kí ẹni tí ó gun òkè wá sílé ẹni lọ láìmu omi. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó mu ún tán. Mo gba ife mi padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn.